Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Agbábọ́ọ̀lù Ń Sọ: Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò, Tí A Sì Ń Fi Wé Eré Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ilé ìwòsàn kan ti sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́, kó gbàgbé bọ́ọ̀lù fún oṣù mẹ́ta. Ohun tí wọ́n rí ni AST, èròjà kan tó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú iṣan, tó jẹ́ 96, bẹ́ẹ̀ ìwé wọn kọ ọ́ pé kò yẹ kó kọjá 40. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìgbà wo lo gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 90 ìṣẹ́jú gbáko, lórí pápá tó le bí títì ọlọ́dà. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó dẹ́rù bà á. A jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ mẹ́fà, a tún ẹ̀jẹ̀ gbà: AST ti wálẹ̀ sí 34. GGT, tó jẹ́ ti ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀, kò tilẹ̀ ga láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣan itan rẹ̀ ló ń ké, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò mọ̀ sí i.

Torí irú èyí ni mo ṣe ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹ̀yin dókítà ẹgbẹ́, nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú ara, akọ́nimọ̀ọ́gbá, àti fún agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó yé wa: iye tí wọ́n kọ sínú ìwé àyẹ̀wò ò ní ìtumọ̀ àfi tí a bá fi wé ẹ̀jẹ̀ ẹni náà nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí a sì wo ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe lórí pápá lọ́sẹ̀ kan náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí abẹ́rẹ́ tó yọjú

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò ní fi lé mi lọ?" Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù nìyẹn, ẹ̀rù náà ò sì ṣàjèjì. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù fi ń bọ́ ìyá rẹ̀ ò ní fẹ́ kí ìwé kan tó pè é ní aláìlera dé ọwọ́ àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò fún un ní èdè tó gbọ́, ẹ sọ ẹni tó máa rí i, kó fọwọ́ sí i, kó sì mọ̀ pé òun lè kọ̀. Lábẹ́ òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023, ọ̀rọ̀ ìlera ẹni wà lára ohun tó gba ìṣọ́ra jù lọ.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí: dókítà ló ń rí iye gan-an. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló ń dé etí akọ́nimọ̀ọ́gbá: ó lè gbá, kí ẹ dín eré rẹ̀ kù, tàbí kó sinmi. Èsì àyẹ̀wò ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dé orí WhatsApp ẹgbẹ́, àní èyí tó dára pàápàá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ìwọ̀nba tí agbára yín ká

Àwọn làbù kan á ta àyẹ̀wò ogójì oríṣi fún yín, ìdajì rẹ̀ ò ní yí ohunkóhun padà nínú ohun tí ẹ máa ṣe lọ́la. Bí mo bá ní owó díẹ̀, ohun tí mo máa san owó sí nìyí.

Àkọ́kọ́ ni kíka ẹ̀jẹ̀ pátápátá, tó ní PCV (ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀), haemoglobin (ohun tó ń gbé ọ́síjìn kiri), sẹ́ẹ̀lì pupa àti funfun nínú. Tẹ̀lé e ni ferritin, tó ń fi irin tí ara tọ́jú pamọ́ hàn. CK ló kàn, ìyẹn creatine kinase, ohun tó máa ń jò jáde látinú iṣan tí eré ti fọ́ wẹ́wẹ́. CRP ń sọ fún wa bóyá ara ń bá ìpalára tàbí àrùn jà. Ẹ fi vitamin D kún un lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, pàápàá fún àwọn ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester, níbi tí oòrùn ò ti tó awọ dúdú láti oṣù kẹwàá títí dé oṣù kẹta. Jínótáìpù, ẹ̀ẹ̀kan péré láyé. AST, ALT tí òun náà wà fún ẹ̀dọ̀, GGT, àti creatinine ti kíndìnrín, ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Àyẹ̀wò họ́mọ́ọ̀nù testosterone àti cortisol wọ́n, wọ́n sì máa ń yí padà láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹgbẹ́ tí owó ò ṣàn sí lọ́wọ́ lè fo ìyẹn kọjá láìpàdánù púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó ṣe kedere: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í rí ọkàn tó ní àléébù. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá Súrùlérè nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá, ó sì kú. Lọ́dún 1996, àyẹ̀wò ìlera ní Inter Milan ló tú àṣírí àléébù ọkàn Nwankwo Kanu, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì padà sórí pápá. Bí owó yín bá tó ẹyọ kan péré láàárín ECG, àyẹ̀wò tó ń wo bí iná ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, àti gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹ lọ ṣe ECG.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ àsìkò tí ẹ máa gbà á

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ti ìsinmi dé ṣe pàtàkì jù. Iṣan wọn ti balẹ̀ nígbà náà, ohun tí ẹ bá rí ni ẹ máa fi ṣe òṣùwọ̀n wọn títí sáà á fi parí. Ẹ tún un gbà nígbà tí ìgbáradì bá parí, ní àárín sáà, àti nígbà tí sáà bá kù díẹ̀ kó parí. CK nìkan ni mo máa ń gbà lemọ́lemọ́, fún àwọn tó ń gbá gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀.

CK máa ń ga jù láàárín wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ó sì lè gba ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó tó padà sílé. Bí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti tó nǹkan bíi wákàtí 40. Ẹ mú àkókò yẹn, ẹ má sì yí i. Bí ẹ bá gbà á lọ́jọ́ Ajé lọ́sẹ̀ yìí, lọ́jọ́ Rú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ méjèèjì lẹ ń fi wéra, ẹ ò tíì fi ara ọmọ náà wé ohunkóhun.

Ẹ má gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láti Kánò sí Ìbàdàn. Òùngbẹ, àìsùn àti ìjókòó ọ̀pọ̀ wákàtí á ti ba èsì náà jẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó kàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Gbígbà á gan-an

Ibí ni ọ̀pọ̀ èsì ti ń bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀.

Kó wá láàárọ̀, kó tó jẹun, ṣùgbọ́n kó ti mu omi. Kó jókòó fún ìṣẹ́jú 10, torí pé bí ẹni tó dúró bá jókòó tàbí tó dùbúlẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń yí ipò padà, PCV á sì tẹ̀lé e. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin, ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀: Kí lo ṣe lánàá? Báwo lo ṣe sùn? Ṣé ara rẹ ń gbóná? Ṣé wọ́n gún ẹ lábẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ yìí? Ìbéèrè kẹrin yẹn ṣe kókó lọ́dọ̀ wa. Abẹ́rẹ́ ibà tí wọ́n gún sí ìdí tó láti gbé CK sókè fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ọmọ náà fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù.

Ẹ di okùn mọ́ apá rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ má ní kó máa fún ọwọ́ pọ̀ kó sì máa tú u léraléra. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ ìgò EDTA olómorí elésè àlùkò, tí èròjà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ dà á ní ojú dé, kí ẹ tún dá a padà, bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń yí ẹyin tí kò fẹ́ kó fọ́. Ẹni tó bá mì ín jìgìjìgì ti fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa sínú ìgò náà. Nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ yí ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kejì, tó yẹ kí omi rẹ̀ ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú bí òróró ẹ̀pà, ẹ wò ó dáadáa: bí ó bá pupa fòò, AST àti potassium inú rẹ̀ ti di irọ́, ẹ gba òmíràn. Ìgò kejì yìí ò ní èròjà kankan nínú, kó dúró fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kó dì kí ẹ tó yí i.

Ẹ gbé e sínú kúlà, ẹ má jẹ́ kí yìnyín kan ìgò náà ní tààrà. Oòrùn ojú fèrèsé mọ́tò nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Èkó kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ lo làbù kan náà jálẹ̀ sáà, torí ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yẹ ẹsẹ̀ wò lọ́sẹ̀ kan náà

Àyẹ̀wò Yo-Yo tí Jens Bangsbo, ará Denmark, gbé kalẹ̀ rọrùn láti ṣe níbikíbi. Kóònù díẹ̀, pápá tó tẹ́jú, àti fóònù tó ń dún. Agbábọ́ọ̀lù á sá mítà 20 lọ, á sá 20 bọ̀, á fi ìṣẹ́jú àáyá 10 rìn mítà 5 lọ àti bọ̀, á tún gbéra. Eré náà bẹ̀rẹ̀ láti 10 km láàárín wákàtí kan, ó sì ń le sí i. Bí kò bá dé ilà kí ohùn tó dún, tí èyí sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó parí fún un. Ẹ ka gbogbo mítà tó sá. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.0084, ẹ fi 36.4 kún un, ẹ ti ní ìfojúdíwọ̀n VO2max rẹ̀, ìyẹn ọ́síjìn tó pọ̀ jù tí ara rẹ̀ lè lò: ẹni tó bá sá mítà 2,200 á ní nǹkan bíi 55. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ máa ń wà láàárín 55 sí 65.

Ní àárín sáà, ẹ má sá wọn títí wọ́n á fi ṣubú. Ìṣẹ́jú mẹ́fà àkọ́kọ́ Yo-Yo yẹn ti tó, kí ẹ wo bí ọkàn ṣe ń lù ní òpin rẹ̀. Bí ìlù ọkàn bá ń dín kù láti oṣù dé oṣù, ara ń le. Ẹ fi fífò sókè lẹ́ẹ̀mẹta kún un, ẹ mú èyí tó ga jù, àti eré àsápajúdé mítà 10 àti 30.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Kíka èsì

Gíráàmù haemoglobin kan máa ń gbé nǹkan bíi 1.34 mL ọ́síjìn. Ẹni tó ní 15 g nínú 100 mL ẹ̀jẹ̀ ń gbé mL 20 kiri. Bí ó bá já sí 12, ó ku 16. Ìdá kan nínú márùn-ún èémí rẹ̀ ti lọ, a sì ń retí kó sá kìlómítà 10 sí 13 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ò ní fi ariwo "Máa sáré!" gbà á padà. Lójú àjọ ìlera àgbáyé, ọkùnrin tí tirẹ̀ kò bá tó 13 àti obìnrin tí tirẹ̀ kò bá tó 12 kò ní ẹ̀jẹ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú. Ìgbáradì líle máa ń fi omi kún ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí ẹni fi omi la ẹ̀kọ; sẹ́ẹ̀lì pupa ò dín, omi ló pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ méjì tí PCV wọn já láti 45 sí 41 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Yo-Yo ti àkọ́kọ́ gòkè láti mítà 1,920 sí 2,200, ferritin rẹ̀ jẹ́ 70. Ara rẹ̀ ń gba iṣẹ́ náà, ẹ fi í sílẹ̀. Yo-Yo ti èkejì já láti 2,040 sí 1,680, ferritin rẹ̀ jẹ́ 14. Irin ti tán lára ẹni yìí. PCV kan náà, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pápá ló sì là á.

Ferritin tí kò bá tó 30 ng/mL ni èmi ń pè ní ìkìlọ̀, bí haemoglobin bá tilẹ̀ dára. Ẹ má kà á láì wo CRP o. Ibà, eyín tó ń dùn, ìpalára, gbogbo wọn máa ń ti ferritin sókè, kó wá dà bíi pé irin pọ̀ nígbà tí àpò ti gbẹ. Bí CRP bá ga, ẹ wo ohun tó fà á sàn kí ẹ tó tún ferritin ṣe. Fún àwọn obìnrin, ẹ béèrè nípa nǹkan oṣù, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè: ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ lóṣooṣù ni ìdí tó wọ́pọ̀ jù tí ferritin wọn fi ń lọ sílẹ̀.

CK wàyí. Ọ̀pọ̀ làbù á kọ ọ́ pé 200 U/L ni òpin. Agbábọ́ọ̀lù ò sí nínú ìṣirò yẹn. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2007 lórí àwọn eléré ìdárayá, òpin òkè fún àwọn ọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,500. Ó sì tún kù: CK àwa aláwọ̀ dúdú máa ń ga ju ti òyìnbó lọ nígbà tí a bá sinmi pàápàá. Torí náà, òṣùwọ̀n ẹni kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wò. Bí ti ìsinmi ọmọ kan bá jẹ́ 300, tó sì máa ń jẹ́ 750 ní gbogbo àárọ̀ Ìṣẹ́gun, 800 ò tó ohun tí a ń dá dúró fún. Bí ó bá di 1,600, tí fífò rẹ̀ sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹlẹ̀ sí bó ṣe máa ń ga tẹ́lẹ̀, èmi á sọ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá pé kó dín eré rẹ̀ kù. Bí CK bá ga ṣùgbọ́n tó ń fò bíi ti àtẹ̀yìnwá, tí itan ò dùn ún, mo máa ń jẹ́ kó lọ ṣeré, kí n sì tún un wò lọ́jọ́ Ẹtì. Èyí tí kò gba ìjíròrò ni CK tó lọ sókè réré pẹ̀lú ìrora tó le àti ìtọ̀ tó dúdú bíi Coca-Cola: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, torí kíndìnrín wà nínú ewu.

Sẹ́ẹ̀lì funfun náà ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní òkè òkun. Ó dé Belgium tàbí Tọ́kì fún àyẹ̀wò ìlera, wọ́n ní neutrophil rẹ̀, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan tó ń bá kòkòrò àrùn jà, kéré, wọ́n ń wá àrùn kiri. Ọ̀pọ̀ jù lọ wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni kò ní àmì Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa, ohun tí a jogún tí kì í jẹ́ kí oríṣi ibà kan ráyè wọlé. Ẹni tó bá ní ogún yìí lè ní neutrophil tó kéré láti ìgbà èwe rẹ̀, kó má sì ṣàìsàn. Kí ọmọ náà mú èsì àtijọ́ rẹ̀ dání. Bí iye náà bá ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Creatinine náà máa ń ga díẹ̀ lára ẹni tí iṣan rẹ̀ pọ̀, pàápàá tó bá ń lo creatine. Kí dókítà fi cystatin C, tí pípọ̀ iṣan kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, yẹ kíndìnrín wò kó tó pariwo.

Ìgbésẹ̀ keje: Ohun tí ẹ máa ṣe sí i

Fún irin tó lọ sílẹ̀: ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹran pupa, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ ṣọkọ, kó sì fi ọsàn mímu tẹ̀lé e. Kó má mu tíì mọ́ oúnjẹ náà. Tíì kì í jẹ́ kí irin wọlé. Bí dókítà bá fún un ní oògùn, lílò ó ní ọjọ́ kan, kó fo ọjọ́ kejì, máa ń jẹ́ kí ara gbà á dáadáa, inú kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ run ún. Ẹ tún ferritin wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má máa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ bí ẹni pín bisikíìtì. Irin tó bá pọ̀ jù ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Dírípù tún jẹ́ àṣà tó burú láàárín wa. Ó rẹ ọmọ, wọ́n so dírípù kọ́ ọ nínú hòtẹ́ẹ̀lì. Lábẹ́ òfin WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn èèwọ̀ nínú eré ìdárayá, ohun tó bá ju 100 mL lọ láàárín wákàtí 12 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ èèwọ̀, àfi bí ilé ìwòsàn bá ń tọ́jú ẹni ní tòótọ́, tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí tí ń wádìí àrùn. Àpò kékeré 500 mL ti kọjá rẹ̀ ní ìlọ́po márùn-ún. Omi, iyọ̀ díẹ̀, oúnjẹ àti oorun ló yẹ kó gbà.

Ẹni tí jínótáìpù rẹ̀ bá jẹ́ AS lè gbá bọ́ọ̀lù dópin, ẹ má lé e. Kí ó ṣáà bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì díẹ̀díẹ̀, kó mu omi, kó sinmi láàárín eré àsápajúdé kan àti òmíràn, pàápàá nínú oòrùn. Bí ó bá ní iṣan òun ń dùn òun tàbí èémí ò tó òun, ẹ dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Nínú eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ikú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló fà á tí NCAA, àjọ tó ń darí eré náà, fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àyẹ̀wò AS lọ́wọ́ àwọn eléré ìpele àkọ́kọ́ láti 2010.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìwé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan

Excel dára, ìwé àkọsílẹ̀ oníwèé líle náà dára. Ojú ewé kan fún ọmọ kan: ọjọ́, wákàtí tó ti gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn, oorun, abẹ́rẹ́ tàbí oògùn, PCV, ferritin, CRP, CK, Yo-Yo, bó ṣe ga tó nígbà tó fò, àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀ nípa bí ara ṣe rí. Ẹ fi bírò pupa yí àwọn ti ọjọ́ ìsinmi po, kí ojú lè tètè bá wọn.

Ọmọ ẹ̀yìn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ní ojú ewé tirẹ̀. AST ìsinmi, 34. AST àárọ̀ ọjọ́ kejì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, 96, a sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé "pápá líle, 90 ìṣẹ́jú". Nígbà tí ẹgbẹ́ mìíràn rà á, ó ní kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún òun, ó ká a sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó sì gbé e dání lọ.